Gé Ewé Kan, Fi Ìkejì Sílẹ̀

Ìyá ọkọ mi ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ sì tutù débi pé ó ń jẹ èèyàn ní àtẹ́lẹsẹ̀ nínú bàtà rọ́bà. Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní abà oko tó múlé gbè wá, tí à ń gé pòtétò tí wọn yóò gbìn, tí à ń fi eérú ra ojú ibi tí a gé. Mi ò mọ ìka ọwọ́ mi lára mọ́.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Kò sí ohun tó dé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ọ̀rá àgùntàn tí a jẹ lánàá ni. Mo sọ fún Iwao pé ẹran yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ jù. Ṣé ọkọ rẹ máa ń gbọ́rọ̀ ni?"

Iwao, ọkọ mi, ti wa ọkọ̀ gẹdú lọ sí èbúté láti ìdájí. A kò retí rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

"Mihoko ńkọ́?"

"Ó ń ṣeré níwájú ilé. Ó ti jẹun. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́ ńlá tó parí. Toyono ni orúkọ rẹ̀. Karafuto ni wọ́n bí i sí, ní erékùṣù àríwá. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ọmọ méjì. Ebi pa ọ̀kan kú lórí omi. Ìkejì, tó pọ̀n sẹ́yìn, ni ọkọ mi. Ohun kan ṣoṣo tó tún mú kúrò nílé ni gbòǹgbò suzuran, òdòdó funfun kan, láti inú ọgbà ìyá rẹ̀, tó fi àkísà tútù wé, tó sì so mọ́ ìbàdí. Láti ìgbà náà, ohun méjì ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: oúnjẹ inú abọ́, àti suzuran ẹ̀yìn ilé.

Mo wọlé láti bu omi gbígbóná fún un. Òórùn kitopiro kún ilé ìdáná. Ewé òkè ni kitopiro, ó ń run bí áyù, òun sì ni ohun tútù àkọ́kọ́ tí à ń fi sẹ́nu lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí a ti ń jẹ ẹja oníyọ̀ àti ẹ̀fọ́ tí a fi iyọ̀ rẹ sínú ìkòkò. Bí ó bá ti hù, ara gbogbo àdúgbò á yá. Ìyá ọkọ mi ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ó ti da omi sóyà lé e lórí. Abọ́ méjì wà lórí tábìlì. Abọ́ ńlá ṣì ní ewé díẹ̀ nínú. Abọ́ kékeré, ti Mihoko ọmọ mi, mọ́ fónífóní.

Mo gbé ewé kan sókè láti inú abọ́ ńlá. Ó gùn, ó fẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó dúdú nítorí omi sóyà. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń run kitopiro. Gbogbo ohun tó wà nínú abọ́ náà ló ń run kitopiro. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ewé náà ń dán ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé e sílẹ̀, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Mo ní láti sọ bí ọgbà náà ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, orí òkè ni a ti ń lọ já kitopiro. Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí a bí Mihoko, béárì fa obìnrin kan ya ní ìsàlẹ̀ odò, tòun tapẹ̀rẹ̀ ewé rẹ̀. Iwao ní ará ilé òun kankan kò tún ní gun òkè náà mọ́. Ó lọ wú gbòǹgbò kitopiro wá, ó gbìn ín sẹ́yìn ilé ní apá àríwá, níbi tí oòrùn kò ti le, tí ewé tó rẹ̀ sílẹ̀ ń mú kí ilẹ̀ tutù. Ibi tí kitopiro fẹ́ gan-an nìyẹn. Ibi tí suzuran fẹ́ náà nìyẹn, ibẹ̀ ni suzuran ìyá rẹ̀ sì ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ibòmíràn. Nítorí náà ó ri pákó sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó rì í jìn tó ìgúnpá ọwọ́, nítorí gbòǹgbò suzuran kì í jókòó síbi tí a bá fi í sí. Ìrìn ló ń rìn lábẹ́ ilẹ̀.

Ìyá ọkọ mi tọ́jú suzuran náà bí ẹni ń tọ́jú àgbàlagbà. Ní ìgbà ìwọ́wé, á kó ewé jíjẹrà bò ó kí yìnyín tó bọ́. Bí ó bá fún pọ̀ jù, á pín in, á sì fún àwọn ará àdúgbò. Nígbà tó bá tanná, tí àwọn aago funfun kéékèèké náà bá so kọ́ ara igi rẹ̀, á já ìdì kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, á sì máa kìlọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ má jẹ́ kí ológbò lá omi inú ìgò rẹ̀ o." Májèlé ni suzuran láti òdòdó dé gbòǹgbò. Ọkàn ló ń mú, a sì máa da ojú rú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n kitopiro ní òfin tirẹ̀. Kì í tètè dàgbà. Kí ọ̀kan tó ti ara èso hù tó sì tó jẹ, ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí a gbìn ín yóò ti máa lọ sílé ìwé. Nítorí náà, àwọn ará wa kì í fà á tu. Ewé méjì péré ló sábà máa ń yọ. Gé ewé kan, fi ìkejì sílẹ̀. Ìgbà ìrúwé àkọ́kọ́ tí mo wọlé ọkọ ni ìyá ọkọ mi ti kọ́ mi, ó fi ọ̀bẹ kékeré lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹni tó bá wú u, olè ni, bó jẹ́ ọgbà ara rẹ̀ ló ti wú u."

Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìdí ni èèyàn fi ń dá àwọn méjèèjì mọ̀. Ìdí kitopiro pọ́n, ó sì ní iṣu bí àlùbọ́sà wẹ́rẹ́ tí okùn tín-ín-rín wé lára. Suzuran kò ní. Ẹni tó bá ń gé ewé kan ṣoṣo lókè kì í rí ìdí. Imú ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá ti gé ewé kitopiro bíi mélòó kan, òórùn rẹ̀ á ti mú un lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko lásán tó bá mú á máa run kitopiro.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn pákó náà ti jẹrà. Iwao ti ní òun á pààrọ̀ wọn kí òtútù tó dé, ṣùgbọ́n yìnyín yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ lọ́dún náà. Mo fi ìka kan ọ̀kan, ó wó bí àkàrà tó ti kan.

Mo rí ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá. Ó mọ́, ó ṣì tutù. Mo wa ilẹ̀ abẹ́ èyí àkọ́kọ́. Iṣu kékeré, okùn lára rẹ̀. Mo mí. Mo sún síwájú, mo tún wa òmíràn. Iṣu ni. Òmíràn, iṣu. Mo ń sún lọ sápá ibi pákó. Níbẹ̀ ni àwọn ewé ti kéré, tí wọ́n rọ̀, tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ ju ti yòókù. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gé pọ̀ níbẹ̀. Mo ti ìka bọ ilẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan. Mi ò kan iṣu. Mo kan ohun kan bí okùn, funfun, ó gùn, ó ń lọ. Mo tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìka mi títí ó fi kọjá sábẹ́ pákó sí òdìkejì.

"Kí lo ń wá nínú ọgbà mi?"

Ìyá ọkọ mi ló dúró lẹ́yìn mi, ó di ara ògiri mú.

"Ìyá, níbo lẹ ti gé ewé lónìí?"

"Níbi tí mo ti ń gé e látọdúnmọ́dún. Àbí ó ti ṣí lọ ni?"

"Ẹ wá wo nǹkan yìí."

"Wo kí ni? O fẹ́ fi kitopiro hàn mí? Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ẹ!"

Mo fa gbòǹgbò náà sókè díẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Ó wò ó. Gbòǹgbò tó fi ìbàdí gbé la òkun já, ṣé òun ni kò ní mọ̀ ọ́n?

"Ìyá, èwo lẹ gé níbí? Tiyín ni àbí ti Mihoko?"

Ó rọra jókòó sílẹ̀, nínú ẹrẹ̀ lásán.

"Ti ọmọ ni," ó ní. "Mo wá èyí tó rọ̀ fún un. Èyí tó le, mo ní kí n máa jẹ ẹ́ fúnra mi. Mo gé díẹ̀ nínú èyí tó rọ̀ mọ́ tèmi, mo ní kí n tọ́ ọ wò."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé iwájú ilé. Mihoko wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ń fo lórí omi dídì tó kù sínú kòtò, kí ó lè gbọ́ bó ṣe ń ró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Mihoko, ṣé o jẹ kitopiro tí Màmá àgbà fún ẹ?"

Ó wo ẹ̀yìn mi. Ìyá ọkọ mi ti wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Mo jẹ ẹ́ tán, màámi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ṣé inú ń run ẹ́?"

"Rárá." Ó tún wo ojú mi. "Díẹ̀."

"Orí ńkọ́?"

"Bóyá."

Mo sáré fóònù sí Kurata, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ tẹ̀lé tiwa, nítorí òun ló ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Oníṣègùn àdúgbò kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, inú ìlú ni a ní láti lọ. Nígbà tó fi máa dé, mo ti wú suzuran kan àti kitopiro kan tìdítìdí, mo ti fi bébà wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo pọn ìyá ọkọ mi dé inú ọkọ̀. Kò wúwo.

Kurata ò lè dákẹ́ bí ẹ̀rù bá ń bà á. "Ìyá Toyono," ó ní, bó ṣe ń yí ọkọ̀ sójú títì, "ẹ̀yin tí ẹ ń kìlọ̀ fún wa nítorí ológbò lọ́dọọdún, ẹ wá bu suzuran jẹ fúnra yín? Èyí wáá dà bí ẹni pé iná jó panápaná."

"Panu mọ́, kí o wakọ̀. Ìwọ tí o jẹ olú burúkú lọ́jọ́ sí, tí o ń kí igi pé ẹ káàárọ̀."

"Èmi ò kú ṣá, àbí mo kú?"

"Ọlọ́run ò ráyè ẹ ni."

Mo gbé Mihoko lé ẹsẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ń lù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń mì wá débi pé mi ò lè ka iye rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń fa táyà. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ọkọ̀ ti rì sínú yìnyín nígbà tí mo wà nínú oyún oṣù méje, ọdún méjì kí n tó bí Mihoko. Nígbà tí wọ́n fi máa gbẹ́ wa jáde, ọmọ náà kò mira mọ́. Mo mọ igi tí ọkọ̀ náà dúró tì. Nígbà tí a kọjá níbẹ̀, mo wo apá kejì.

"Ìyàwó," ni ìyá ọkọ mi pè mí. Ó ti fi orí ti gíláàsì, òógùn bò ó. "Kí ló ṣe yìnyín orí òkè? Kí ló dé tó pọ́n bí inú ẹyin bẹ́ẹ̀?"

Mo wo òkè náà. Funfun báláú ni.

Kurata náà wò ó. Kò tún ṣe yẹ̀yẹ́ kankan mọ́ títí a fi dé ìlú.

Dókítà tó jáde sí wa ní ilé ìwòsàn kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó tú bébà méjèèjì, ó wo gbòǹgbò, ó sì sọ ohun kan kíákíá fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n tẹ́ ìyá ọkọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà. Ìlà kan ń fò lórí ẹ̀rọ. Ó ń fò, ó ń dúró. Ó máa ń dúró pẹ́ jù.

"Ewé mélòó ni ọmọ yìí jẹ?" ni dókítà béèrè.

"Abọ́ kan," ni ìyá ọkọ mi fèsì. "Abọ́ kékeré. Mo bù ú kún."

Dókítà wo Mihoko láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wọn aṣọ. "Bó bá jẹ́ pé abọ́ kan ni, pẹ̀lú bó ṣe kéré yìí..." Ó ní kí wọ́n gbé rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀nà ọ̀fun wá, kí wọ́n fọ inú ọmọ náà. Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kì í ṣe fífọ̀ nìkan, ọkàn ọmọdé kì í lágbára láti gba oògùn tí àwọn máa fi lé májèlé náà, kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mihoko rí rọ́bà náà, ó sì figbe ta. Nọ́ọ̀sì dì í lápá. Èmi dì í lẹ́sẹ̀. Ọmọ mi ń wo ojú mi, èmi ni mo dì í mú.

"Ẹ dúró."

Ohùn ìyá ọkọ mi kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Mihoko. Wá."

Wọ́n jẹ́ kí ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé lóòótọ́ lo jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́ tán, Màmá àgbà. Mi ò ṣẹ́ nǹkan kan kù."

"Wojú mi. Èmi ni mo sọ fún ẹ pé ẹni tó bá da oúnjẹ nù kì í ṣe ọmọ mi. Ṣé o rántí?"

Mihoko mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Irọ́ ni mo pa." Ìlà orí ẹ̀rọ náà dúró, ó tún fò. "Bó o bá dà á nù, ọmọ mi ni ẹ́. Bó o bá fún ajá, ọmọ mi ni ẹ́. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọmọ mi gan-an ni ẹ́. Mi ò ní bínú. Níbo lo kó o sí?"

Ọmọ náà wo gbogbo wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa bàtà rọ́bà rẹ̀ ti apá òsì. Ó le, mo ràn án lọ́wọ́. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì fa ewé jáde, èyí tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, tó ṣì ń kán omi sóyà. Ó tún fà, ó tún fà.

"Ó korò," ó ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹnu kan ọ̀kan, mo sì tu ú. Ṣùgbọ́n mo jẹ ìrẹsì tán, Màmá àgbà. Ìrẹsì ni mo jẹ tán."

Dókítà kó àwọn ewé náà sínú àwo irin, ó ń tẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ suzuran tí mo mú wá. Ó tẹ́ gbogbo wọn tán kó tó sọ̀rọ̀. Kò sí ewé kitopiro kan ṣoṣo nínú wọn.

Mo jókòó síbi tí ọmọ náà jókòó sí.

Wọ́n ṣì fún un ní oògùn, wọ́n sì ṣọ́ ọ di ọjọ́ kejì. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìyá ọkọ mi ni ikú wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà mélòó kan ni ìlà náà tẹ́ gbọọrọ tí nọ́ọ̀sì sì sáré wọlé. Iwao dé láti èbúté pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sílé, kò lè gbé garawa omi mọ́, ojú rẹ̀ kò sì tún rí funfun bí funfun mọ́.

Ọjọ́ tó dé, ó ní kí a gbé àga òun sẹ́yìn ilé. Suzuran ti ń mú òdòdó jáde, àwọn aago rẹ̀ kò tíì ṣí.

"Iwao, wú u."

"Kitopiro ni?"

"Kí ni kitopiro ṣe? Suzuran ni mo ní kí o wú."

"Ìyá, láti Karafuto—"

"Èmi ni mo gbé e wá, àbí ìwọ ni? Ẹ̀yìn lo wà, o ń tọ̀ sí mi lára. Wú u."

Ó wú u láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyá ọkọ mi kò kúrò lórí àga. Bí gbòǹgbò kan bá já, á na ọ̀pá sí ibi tó já sí. Kurata kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó wà á lọ. Ìyá ọkọ mi kò sunkún. Ní oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, Mihoko fi ìrẹsì díẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú Màmá àgbà. Ìyá ọkọ mi gbé abọ́ náà, ó jẹ èyí tó kù.

Ìgbà ìrúwé tó tẹ̀lé e, yìnyín yọ́, kitopiro hù. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń gé áyù, nígbà tí Mihoko kígbe láti ẹ̀yìn ilé.

"Màmá àgbà! Màámi! Ẹ wá! Mi ò fọwọ́ kàn án o!"

Ewé kan ló rí, ó ká bí ọ̀kọ̀, ó dá dúró díẹ̀ sí àwọn yòókù, nítòsí ògiri ilé. Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nínú omi tútù náà, ó tún un fọ̀, ó gbọ̀n ọ́n gbẹ, kì í fi aṣọ nù ún mọ́. Ó fi ọ̀pá kúnlẹ̀. Ó já ṣóńṣó ewé náà, ó gbé e sí imú, ó sì dijú.

"Ìyàwó, imú mi ti gbó. Wá gbóòórùn ẹ̀."

"Ìyá, áyù ni mò ń gé. Ọwọ́ mi ń run."

A wo ara wa. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti ìka bọ inú ilẹ̀ tútù náà, mo ń tọ ìdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mihoko di ẹ̀yìn aṣọ mi mú. Mo ń wá iṣu. Ìka mi kan ohun kan bí okùn, kò sì dúró lójú kan. Mo tọ̀ ọ́ lọ títí ọwọ́ mi fi kan òkúta ìpìlẹ̀ ilé. Ó ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.